Bí wọ́n bá nà yín ní FPL: bí ẹ ṣe lè rí ọgbọ́n kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ tó burú

Fantasy Premier League (FPL) ni eré orí ayélujára tí èèyàn ti ń fi mílíọ̀nù 100 inú eré ra àwọn agbábọ́ọ̀lù Premier League, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá sì ń di pọ́ìntì fún un. Ọ̀sẹ̀ 38 ló wà nínú sáà rẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó ń borí ní gbogbo rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ náà máa ń borí lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n sì nà wọ́n ní ìnà àbùkù lọ́sẹ̀ kejì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí àwa yòókù ni ohun tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí títí di ìgbà tí gbèdéke ọ̀sẹ̀ tuntun bá dé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣubú bí ọmọdé nínú eré yìí. Wọ́n nà wá lánàá, a ti ta agbábọ́ọ̀lù méjì lónìí, bẹ́ẹ̀ a ò tíì mọ ohun tó gbé wa ṣubú.

Líìgì ojúkojú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní H2H, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni ìnà ti máa ń dun èèyàn jù. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa bá forí gbárí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí pọ́ìntì rẹ̀ bá pọ̀ jù á gba 3, bó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹ óò gba 1 kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pàdánù kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo gúrúùpù WhatsApp á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ti rọrùn jù, nítorí pé ẹ rí ẹni tó nà yín, ẹ sì lè wo ohun tó fi nà yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹ́ kí ìṣirò parí tán

Pọ́ìntì tí ẹ rí lójú fóònù lálẹ́ Sátidé kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Pọ́ìntì àfikún 1 sí 3 tí wọ́n ń fún àwọn tó ta yọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì lè yí padà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan nínú àwọn mọ́kànlá yín kò bá fẹsẹ̀ kan pápá, ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà bá parí ni ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì á tó wọlé rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni ti igbákejì balógun: balógun ni ẹni tí ẹ yàn kí wọ́n lè sọ pọ́ìntì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, igbákejì ló sì máa gba ipò rẹ̀ bí kò bá gbá bọ́ọ̀lù rárá. Bí balógun bá wọlé fún ìṣẹ́jú kan péré, tiẹ̀ náà ni wọ́n máa sọ di méjì, igbákejì ò ní gba nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ má pààrọ̀ ẹnikẹ́ni nígbà tí inú ṣì ń bí yín. Mo mọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn: ẹ̀rù pé iye owó agbábọ́ọ̀lù tó gbá gọ́ọ̀lù á gbéra lóru. Ohun tó máa ń gbéra ò ju 0.1 lọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì èrè nìkan sì lẹ máa rí gbà nígbà tí ẹ bá tà á. Ẹni tí ẹ rà ní 6.0 tó di 6.3, 6.1 lẹ máa tà á. Ǹjẹ́ 0.1 tó ohun tí a ń torí rẹ̀ ra èèyàn ní Ọjọ́ Àìkú, kó wá lọ fara pa nínú Champions League lọ́jọ́ Túsìdeè? Ní tèmi, kò tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fa ìlà lé àwọn tí ẹ jọ ní

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ẹ ṣí líìgì yín, ẹ tẹ orúkọ ẹni tó nà yín, ẹgbẹ́ tó tò fún ọ̀sẹ̀ náà á jáde. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ẹgbẹ́ méjèèjì síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí ẹ̀yin méjèèjì jọ fi sínú mọ́kànlá, ẹ fa ìlà lé e. Ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn kò pa yín, kò sì là yín. Àwọn tó kù láìfàlà lé lórí, àti àmì balógun, ni ìjà gidi tí ẹ jà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní wọ́n nà yín ní 67 sí 56. Ẹ jọ ní agbábọ́ọ̀lù méje, Haaland wà nínú wọn, àwọn méjèèje sì mú 38 wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Haaland gbá gọ́ọ̀lù méjì: 2 fún pé ó gbá bọ́ọ̀lù ju ìṣẹ́jú 60 lọ, 8 fún gọ́ọ̀lù méjì (4 ni gọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fún agbábọ́ọ̀lù iwájú), 3 fún àfikún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13. Alátakò yín fi í ṣe balógun, ó sì gba 13 mìíràn lórí rẹ̀. Ẹ̀yin fi Cole Palmer ṣe balógun, 2 péré ló mú wá, ìlọ́po rẹ̀ sì fi 2 kún un. Àwọn mẹ́rin yòókù ti alátakò mú 16 wá. Àwọn mẹ́rin tiyín, Palmer wà lára wọn, mú 20 wá. Ẹ sì ti san 4 nítorí pé ẹ ra agbábọ́ọ̀lù kan kọjá iye tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ẹni tí ẹ rà mú 6 wá, ẹni tí ẹ tà ṣe 2.

Kí la rí? Bí ẹ bá wo 67 sí 56 láìfàlà, ẹ óò rò pé gbogbo ẹgbẹ́ yín ló bàjẹ́, ẹ óò sì fẹ́ tú u palẹ̀. Àmọ́ mẹ́rin tiyín na mẹ́rin tirẹ̀ ní 20 sí 16. Ẹni tí ẹ fi pọ́ìntì 4 rà san gbèsè ara rẹ̀ tán, kò jẹ èrè, kò jẹ gbèsè. Pọ́ìntì 11 tí wọ́n fi nà yín ò wá láti ibòmíràn ju àmì balógun lọ. Ká ní Haaland lẹ gbé e lé, 67 sí 67 ni. Àgbà tó bá mọ èyí ò ní ta ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ padà sí ìgbà tí gbèdéke kù díẹ̀ kó dé

Ẹ ti rí ibi tí pọ́ìntì ti já bọ́. Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ẹ̀yin lẹ ṣì í yàn, àbí ẹ yàn án re tí oríire ò sí níbẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ Ajé dá ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́jọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kìkì ohun tí ẹ mọ̀ kí gbèdéke tó dé ni kí ẹ fi ṣèdájọ́.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Palmer gan-an ṣàlàyé. Ní 9 Oṣù Kẹta 2025, Chelsea gba Leicester lálejò ní Stamford Bridge. Leicester ń já bọ́ lọ sí líìgì kejì lọ́dún náà, Palmer ló ń gbá pẹnáritì Chelsea, méjìlá ló sì ti gbá nínú Premier League tí gbogbo rẹ̀ wọlé. Wọ́n fún Chelsea ní pẹnáritì. Palmer gbá a, aṣọ́lé Leicester mú un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pàdánù rẹ̀ nínú líìgì náà, ẹni tó bá sì pàdánù pẹnáritì, FPL á yọ 2 nínú pọ́ìntì rẹ̀. Ẹni tó fi í ṣe balógun lọ́jọ́ yẹn jìyà. Ṣé ó ṣìṣe ni? Rárá o. Ó yan ẹni tó ń gbá pẹnáritì, nílé, sí ẹgbẹ́ tó ń ṣòjòjò, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sì mú pẹnáritì náà wá bó ṣe retí. Bó bá tún pàdé irú rẹ̀, kó tún yan bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní 28 Oṣù Kẹsàn-án 2024, Palmer kan náà gbá gọ́ọ̀lù mẹ́rin sí àwọ̀n Brighton kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi ìlàjì eré. Agbábọ́ọ̀lù àárín ni FPL kà á sí, gọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5, nítorí náà 20 ló kó lórí gọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tí kò ní in, tí alátakò rẹ̀ sì ní in, ti mọ àbájáde ọ̀sẹ̀ yẹn kí wọ́n tó mu omi ìlàjì. Irú ìnà bẹ́ẹ̀ ò fi dandan sọ pé ẹgbẹ́ yín ò dáa.

Kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti oríire, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní xG. Láti sáà 2022/23 ló ti wà nínú FPL fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wọ̀n ni bí àǹfààní tí agbábọ́ọ̀lù rí ṣe tó kó di gọ́ọ̀lù, yálà ó gbá a wọlé tàbí kò gbá a wọlé. Pẹnáritì kan sún mọ́ 0.8. Agbábọ́ọ̀lù iwájú tó mú 2 wá pẹ̀lú xG 1.3 ti wà níbi tó yẹ kó wà, gọ́ọ̀lù ló kọ̀. Ẹ dì í mú. Ẹni tó gbá méjì wọlé pẹ̀lú xG 0.2, tó fi nà yín, ẹ má sáré lọ rà á. Ọ̀sẹ̀ kan ò tó o, ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún papọ̀ kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan dáa tàbí kò dáa.

Àmọ́ ẹ má fi oríire bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ o. Bí alátakò kan bá fi Mohamed Salah nà yín lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ oríire. Bí ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá fi í nà yín láàárín oṣù kan, a ti kọjá ọ̀rọ̀ oríire. Ní sáà 2024/25, Salah kó pọ́ìntì 344, gọ́ọ̀lù 29 ló gbá, pọ́ìntì rẹ̀ sì ju mẹ́sàn-án lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in. Àwọn kan sọ pé owó rẹ̀ ti wọ́n jù, pé àwọn á fi pín ra ẹni méjì. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ná mílíọ̀nù 100 wọn ló gbé e wá, kò sì sí balógun tó lè tún un ṣe. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí yín, Wildcard lẹ nílò, ìyẹn àǹfààní láti pààrọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ láìsan pọ́ìntì, kì í ṣe ìpààrọ̀ ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ìṣẹ́jú

Kí ẹ tó wo gọ́ọ̀lù, ẹ wo ìṣẹ́jú tí àwọn yín gbá. Ẹni tó gbá ìṣẹ́jú 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba 2, ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ ń gba 1. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí wọ́n yọ ní ìṣẹ́jú 58 kò ní gba 4 tí wọ́n ń fún àwọn tí wọn ò gbá gọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wọn, kódà bí àwọ̀n náà bá wà láìmì. Bí ẹni mẹ́ta nínú mọ́kànlá yín bá bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ẹgbẹ́ wọn, ìwádìí yín parí síbẹ̀: àwọn tí ò gbá bọ́ọ̀lù lẹ kó jọ. Ẹ lọ gbọ́ ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ fún àwọn oníròyìn kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹgbẹ́ náà gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkìlọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo bẹ́ńṣì tiyín. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá kó 12 tí ẹ ò rí lò, ẹ má bínú sí ara yín ní kíákíá. Ẹ bi ara yín pé lọ́jọ́ Ẹtì, ta ni ẹ bá yọ kí ó lè wọlé? Bí ẹ ò bá rí èsì gidi, kò sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ kọjá lọ. Àmọ́ bí ẹ bá to bẹ́ńṣì láìbìkítà, tí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé mú 1 wá nígbà tí ẹni kejì ní 8, àtúnṣe rẹ̀ ò gba owó, ìṣẹ́jú kan ló gbà.

Láti sáà 2025/26 wá, àwọn tí kì í gbá gọ́ọ̀lù náà ti ní ọ̀nà tiwọn. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, tó dí i, tó já a gbà tàbí tó gbá a kúrò níwájú ilé, tí àpapọ̀ rẹ̀ pé 10 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, á gba 2. Fún àwọn àárín àti iwájú, 12 ni, wọ́n sì ń ka bọ́ọ̀lù tó já sílẹ̀ tí wọ́n ṣà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fi pọ́ìntì díẹ̀ nà yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ibẹ̀, torí pé àwọn ẹ̀yìn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó ń kó 2 yìí jọ ní jẹ́ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bi ọkàn yín léèrè

Àwa ọmọ Nàìjíríà ní àìsàn kan nínú eré yìí, ìfẹ́ sì ni. Olólùfẹ́ Arsenal ò ní ra agbábọ́ọ̀lù Tottenham láéláé. Olólùfẹ́ Manchester United á ra mẹ́ta nínú tiwọn, nítorí pé mẹ́ta ni òfin gbà láti ẹgbẹ́ kan, ká ní òfin gbà mọ́kànlá ni, á rà á. A tún fẹ́ràn àwọn ọmọ wa: Alex Iwobi, Ọlá Àìná, Calvin Bassey, Táíwò Awóníyì. Kò burú láti fẹ́ràn wọn, èmi náà fẹ́ràn wọn. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un wọ ẹgbẹ́, kí ẹ sì ka iye tó ná yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọlá Àìná, nígbà tí Nottingham Forest ń dí ẹ̀yìn pa ní 2024/25, ìfẹ́ àti ìṣirò ló pàdé lórí rẹ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ìfẹ́ yìí kan náà ni kì í jẹ́ ká rántí AFCON. Èyí tí wọ́n ṣe ní Mòrókò bẹ̀rẹ̀ ní 21 Oṣù Kejìlá 2025, ó sì wọnú Oṣù Kìíní ọdún 2026. Àwọn tó ń darí FPL rí i pé á tú ẹgbẹ́ àwọn èèyàn ká, wọ́n sì fi kún ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ gbogbo wa títí ó fi pé márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tí wọ́n nà nígbà náà nítorí pé ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Mòrókò, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wà nínú kàlẹ́ńdà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ka ọwọ́ alátakò

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé FPL kò fi ìtàn ẹnikẹ́ni pamọ́. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó nà yín, ẹ wo gbogbo ìpààrọ̀ tó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo fẹ́ kí ẹ wá ohun mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti san 4 láti ra èèyàn? Ẹ óò sábà rí i pé ẹni tó wà lókè líìgì kì í san án bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì, ṣé ó máa ń tọ́jú ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ rẹ̀ pamọ́? Márùn-ún lèèyàn lè tò jọ báyìí, ẹni tó ní mẹ́ta lọ́wọ́ lè fèsì sí ìfarapa mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn wo ló tà kété lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó burú? Bó bá jẹ́ pé kì í tà wọ́n, ẹ̀kọ́ yín ti wà níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ múra ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́yìn ìnà kan. Bí ẹ bá yí márùn-ún padà tí ẹ sì borí, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí ẹ tún máa bá pàdé. Bí ẹgbẹ́ yín bá lágbára ju tirẹ̀ lọ, ẹ yan balógun tí ẹ rò pé òun náà máa yàn. Ẹ ti pa ohun ìjà rẹ̀ tó tóbi jù lọ rẹ́ nìyẹn, kí àwọn tó kù yín wá fi agbára borí. Bí tirẹ̀ bá lágbára ju tiyín lọ, ẹ má tọ ọ̀nà tó ń tọ̀, nítorí ẹ óò kàn fi díẹ̀díẹ̀ pàdánù. Ẹ wá balógun mìíràn tó ní ìdí gidi: ó wà nílé, ó ń gbá pẹnáritì, ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá gbá ń gba gọ́ọ̀lù púpọ̀ sáwọ̀n. Ẹni tí kò ní ìdí kankan ju pé ó yàtọ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí gbèdéke tó dé, ẹ kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sínú fóònù yín: balógun tí ẹ yàn àti ìdí rẹ̀, ẹni tí ẹ rà àti ìdí rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, ìgbésẹ̀ kẹta ò lè ṣeé ṣe dáadáa, torí pé ọkàn èèyàn á máa sọ fún un lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi agogo sí i pẹ̀lú, pàápàá ẹ̀yin tó ń gbé Nàìjíríà. Wákàtí kan ààbọ̀ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni FPL ń ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ agogo 12:30 ọ̀sán Sátidé ní Ìlú Ọba, 11:00 àárọ̀ ni gbèdéke wọn, 11:00 náà sì ni tiwa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láti Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago wọn padà ní wákàtí kan, gbèdéke náà á sì di 12:00 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa títí Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kẹta. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wà ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 6:30 ìrọ̀lẹ́ wọn ló ń tì, ìyẹn 7:30 wa nígbà òtútù. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ṣì wà nínú gosíló, nítorí náà ẹ ti to ẹgbẹ́ yín tán ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀.